Òǹwòran Tó Di Ìran: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Ń Lo Pápá Bọ́ọ̀lù

Pápá ìṣeré tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò mọ́ iṣẹ́ ọnà, nítorí pé ariwo, òógùn àti èébú tó máa ń wà níbẹ̀ jìnnà sí ìdákẹ́rọ́rọ́ yàrá tí ayàwòrán ti ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, àti àwọn tó ti di ọ̀gá nínú rẹ̀, ti ń rí nínú eré yìí ohun tí wọn yóò yà, tí wọn yóò gbẹ́, tàbí tí wọn yóò tẹ̀ sára aṣọ. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ di iṣẹ́ ni àròkọ yìí fẹ́ ṣàlàyé. Kò dá lórí yíya agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí láti inú fọ́tò, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti lẹ́yìn ọkọ̀ akérò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tó ní ọjà tirẹ̀ nìyẹn.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Ìran ni ohun tí a ń wò, òǹwòran ni ẹni tó ń wò ó, àwòrán sì ni ohun tó kù nílẹ̀ nígbà tí ìran bá ti tú ká. Babatunde Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti ṣàlàyé pé à-wò-rántí ni àwòrán, ìyẹn ohun tí a ń wò kí a lè rántí ohun mìíràn. Ní pápá bọ́ọ̀lù, ipò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í dúró lójú kan, torí pé ẹni tó sanwó wọlé láti wá wòran kò mọ̀ pé òun náà ti di ìran fún ẹni tó jókòó sí òdì kejì pápá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ohun tó wá ṣe yóò kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ nínú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú náà, yóò sì dojú kọ àwọn tó ń wò ó, nítorí pé agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún ni gbogbo ayé ti yà tán, nígbà tí ẹgbàágbèje òǹwòran wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ wò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ lára jù lọ ni Laurence Stephen Lowry, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1887 ní Stretford, lẹ́bàá Manchester. Àwọn kan máa ń pè é ní ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ṣòro láti rí ẹni tó pẹ́ nípò akẹ́kọ̀ọ́ tó o, nítorí pé ní 1905 ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà ti Manchester, níbi tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Adolphe Valette, ti kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni ó sì gba ti Salford lọ, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí wọ àárín àwọn ọdún 1920. Ní ọ̀sán, agbowó-ilé ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń mójú tó ilé àyágbé ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1952. Ojoojúmọ́ ni ó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú, bóyá ìrìn yìí sì ni ó kọ́ ọ ní ohun tí olùkọ́ kan kò lè kọ́ ọ, ìyẹn bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọra wọn rí ṣe máa ń rìn nígbà tí ibi kan náà bá ń pè wọ́n.

Ọ̀nà tí Lowry ń gbà ṣiṣẹ́ yẹ fún àgbéyẹ̀wò díẹ̀, nítorí pé ohun tó fi dára fún pápá bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà márùn-ún péré ni ó ń lò: dúdú, funfun, pupa, búlúù tó ṣú, àti pupa rúsúrúsú aláwọ̀ amọ̀ tí àwọn ayàwòrán ń pè ní ochre. Bernard Taylor, tó jẹ́ olùkọ́ ní Salford tó sì tún ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà nínú ìwé ìròyìn, ló sọ fún un pé àwọn àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn jù, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń fi ọ̀dà funfun kun ojú kànfáàsì látòkèdélẹ̀ kó tó ya ohunkóhun lé e. Ẹni tó bá wọ aṣọ dúdú tó dúró níwájú ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun, ìrísí rẹ̀ ni ojú á kọ́kọ́ mú, bí èjìká rẹ̀ ṣe gọ̀ àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe là, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá imú àti ẹnu rẹ̀. Ohun tí ojú funfun náà ń ṣe fún Lowry nìyẹn. Àwọn tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní igi ìṣáná, àpèjúwe náà kò sì burú, àfi pé wọ́n gbàgbé pé bí igi ìṣáná bá pọ̀ tí wọ́n sì wà létòlétò, a kì í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́.

Ní 1953, nígbà tí àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n bá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọnà ní orílẹ̀-èdè náà pawọ́ pọ̀ ṣe ìdíje àti ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà lórí bọ́ọ̀lù. Lowry fi àwòrán kan ránṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Going to the Match, èyí tó túmọ̀ sí lílọ síbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Burnden Park ni pápá tó wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ilé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bolton Wanderers nígbà náà. Lẹ́yìn pápá ni àwọn ilé àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọ̀pá gíga ilé-iṣẹ́ tó ń tú èéfín wà; níwájú, gbogbo ilẹ̀ kún fún ènìyàn tó ń ti ọ̀nà púpọ̀ wọ́ wá, tí wọ́n ń fún pọ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Lowry ya ní ìfarasíwájú, orí ṣáájú ẹsẹ̀, bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì lẹ́yìn. Àṣírí àwòrán náà wà nínú ìfarasíwájú yẹn. Kò sí ẹni tó ń sáré, kò sì sí ẹni tí a lè rí ojú rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ìkánjú wà nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìlà kan ṣoṣo tó dagun, tí a bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan tí a sì tún un fà nígbà ọgọ́rùn-ún, ti di agbára tó ń fa ojú ẹni tó ń wo àwòrán náà lọ sí ẹnu ọ̀nà pápá pẹ̀lú àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Pápá Burnden Park yìí ní ìtàn tí ojú lásán kò lè rí nínú àwòrán náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1946, ènìyàn 33 ló kú níbẹ̀ nígbà tí èrò pọ̀ ju àyè lọ tí wọ́n sì fún ara wọn mọ́ irin. Ọdún méje péré lẹ́yìn náà ni Lowry ya àwọn èrò tó tún ń rọ́ wọ ibì kan náà. Àwọn tó ń pe àwòrán yìí ní àwòrán ìdùnnú ọjọ́ Sátidé kò purọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n ti wo àwọ̀ rẹ̀ ju ìwọ̀n ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ èrò yìí tún ní ohun tó kan akẹ́kọ̀ọ́ òde òní gbọ̀ngbọ̀n. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ń wo bọ́ọ̀lù ní ayé Lowry, lórí àtẹ̀gùn gbọọrọ tí kò ní àga. Bí ẹni kan bá mì, gbogbo ìlà á mì, èrò náà á sì máa lọ á máa bọ̀ bí ìgbì òkun. Lẹ́yìn jàǹbá Hillsborough ní ìlú Sheffield ní 1989, tó mú ẹ̀mí ènìyàn 97 lọ, ìwádìí tí Adájọ́ Taylor darí, tó jáde tán ní 1990, dámọ̀ràn pé kí àwọn pápá ńláńlá kó àga sí gbogbo ibi tí òǹwòran ń wà. Ìgbàlà ni èyí jẹ́ fún ẹ̀mí ènìyàn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó kábàámọ̀ rẹ̀ nítorí àwòrán; àmọ́ ìrísí èrò yí padà láti ìgbà náà. Ohun tó ń ṣàn bí omi tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó tò bí hóró àgbàdo lára ṣùkù, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ Lowry ya pápá òde òní láìwo ohun tó wà níwájú rẹ̀, àwòrán Lowry ni ó ń dà kọ.

Ìyàwòrán ojú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní pápá fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwòrán tí a fi ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ fà sórí ìwé, tí a kò pa rẹ́, tí a kò sì tún ṣe. Ní ilé-ìwé, ẹni tí wọ́n sanwó fún láti jókòó lè wà lójú kan fún wákàtí kan kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn èjìká rẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ní pápá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí yóò dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ́ láti wá ìlà kan tó gbé ara dúró, èyí tó sábà máa ń ti gìgísẹ̀ gba ìbàdí lọ sí ọrùn. Ìlà yìí ni yóò kọ́kọ́ fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó so ọwọ́ àti orí mọ́ ọn. Ojú ìwé kan lè gba ogún irú rẹ̀, mẹ́tàdínlógún lè má wúlò, ìyẹn kò sì burú, torí pé kì í ṣe nítorí ojú ìwé ni a ṣe ń ṣe é bí kò ṣe nítorí ọwọ́.

Àpẹẹrẹ kan tó ṣeé wò nítòsí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá lu òpó ilé tí kò wọlé. Ọwọ́ méjèèjì ni òǹwòran á gbé ka orí, àtẹ́lẹwọ́ á bo àtàrí, ìgúnpá á sì yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí etí ìkòkò, nígbà tí ẹnu á là sílẹ̀ láìsí ohùn. Ìkáwọ́lérí ni Yorùbá ń pe ìṣesí yìí. Àmì ọ̀fọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi máa ń jágbe mọ́ ọmọdé pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Síbẹ̀, ní pápá bọ́ọ̀lù, àgbàlagbà tó ń jágbe náà á káwọ́ lérí pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn mìíràn, lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, ó sì lè má ju kí a ka ení dé ẹ̀rin lọ tí gbogbo wọn á tún ti sọ ọwọ́ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù ní àkókò yẹn ti pàdánù rẹ̀. Ẹni tó ti kọjú sí èrò ṣáájú, tó sì ti mọ̀ láti inú bí ohùn wọn ṣe ń ga sókè pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀, òun ni pẹ́ńsùlù rẹ̀ á ti wà lórí ìwé. Etí gan-an ni ó ń ṣọ́nà fún ojú níbẹ̀.

Ohun èlò kò pọ̀. Ìwé kékeré tó lè wọ àpò ṣòkòtò dára ju èyí tó fẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n máa ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni kò sì ní fẹ́ kí bébà fẹ́ lu òun lójú. Pẹ́ńsùlù tó rọ̀ tàbí bíìrò lásán tó, nígbà tí èédú, tó dùn ún lò nínú ilé, máa ń kun gbogbo ọwọ́ àti aṣọ onílẹ̀ àti àlejò. Àwọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kùn níbẹ̀; a máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni, pé ibí yìí jẹ́ pupa tó ti ṣá, pé ọ̀hún jẹ́ ewé tútù lábẹ́ iná. Fóònù wúlò fún rírántí bí òrùlé ṣe so mọ́ òpó, ṣùgbọ́n ó máa ń tan ẹni tó bá gbára lé e, torí pé ó ń rí ohun gbogbo lọ́gbọọgba láìmọ èyí tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ mú. Bí ojú ènìyàn kan bá sì hàn gbangba nínú iṣẹ́ náà, pàápàá ojú ọmọdé, ìwà ọmọlúwàbí ni kí a tọrọ àyè, tàbí kí a yí ojú náà padà títí tí kò fi ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Bí Lowry bá jẹ́ olùkọ́ ìlà, Nicolas de Staël ni olùkọ́ àwọ̀. Ìlú Saint Petersburg ni wọ́n bí i sí ní 1914, ìlú Brussels ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ọnà, ilẹ̀ Faransé ni ó sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1952, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín Faransé àti Sweden ní pápá Parc des Princes ní Paris, lábẹ́ iná ńláńlá. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ya ohun tó rí. Àwòrán tó ju ogún lọ ni ó tinú alẹ́ kan yẹn jáde, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì gùn tó mítà mẹ́ta ààbọ̀ ní ìbú. Ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tẹ́ ọ̀dà bí ẹni tó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, tó fi jẹ́ pé ègé pupa, funfun, dúdú àti búlúù ni agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà, láìní ìka ọwọ́, láìní ojú, ṣùgbọ́n tí kò sí bí ẹni tó ti wo bọ́ọ̀lù rí ṣe lè ṣì wọ́n mú.

Ohun tí iná alẹ́ ṣe fún de Staël ṣeé ṣàlàyé. Oòrùn máa ń ti ibì kan wá, ó sì máa ń fún ohun kọ̀ọ̀kan ní òjìji kan. Iná orí òpó mẹ́rin ń ti igun mẹ́rin wá, á sì fún agbábọ́ọ̀lù kan ní òjìji mẹ́rin tó tò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ewé òdòdó. Ojú ọ̀run á ṣú pátápátá, koríko á tutù ju bó ṣe yẹ kí koríko tutù lọ, aṣọ agbábọ́ọ̀lù á sì yọ lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gé e láti inú bébà. Èyí ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lóye ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ti ń sọ láti ọdún àkọ́kọ́, pé àwọ̀ kan kì í dá ní agbára bí kò ṣe nípa àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ti lọ sí òde ìnáwó mọ ẹ̀kọ́ yìí kó tó wọ ilé-ìwé, torí pé iṣẹ́ tí jẹ́sì ń ṣe fún èrò pápá bọ́ọ̀lù ni aṣọ ẹbí ń ṣe lábẹ́ àtíbàbà: ẹgbẹ̀ta ènìyàn á di àwọ̀ kan, ẹni tó bá sì wọ aṣọ mìíràn wá ni gbogbo ojú á kọ́kọ́ rí.

Lórí ìṣípòpadà ara, iṣẹ́ Umberto Boccioni, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, tó ya agbábọ́ọ̀lù kan ní 1913, kò ṣeé fò dá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Futurism, tí akéwì Filippo Tommaso Marinetti kéde ní 1909, tó sì gbà pé eré sísá, ẹ̀rọ àti ariwo ìlú ni ẹwà ayé tuntun. Nínú àwòrán rẹ̀ náà, ara agbábọ́ọ̀lù ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máà rí ju iṣan ẹsẹ̀ kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ya ẹsẹ̀ náà láìfọ́ ọ.

Pápá fúnra rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ sí ènìyàn kan nínú rẹ̀, jẹ́ ilé tó ń kọ́ ojú. Archibald Leitch, onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ Scotland tí wọ́n bí ní Glasgow ní 1865, ló ya àwòrán ilé ọ̀pọ̀ pápá ní Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1902, àtẹ̀gùn onígi ní Ibrox, pápá tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, já lulẹ̀ nígbà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Scotland àti England, ènìyàn 25 sì kú; láti ìgbà náà ni ó ti kọ igi sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ gègèrè àti irin ìdáàbòbò. Iwájú òkè ìjókòó rẹ̀ ni ojú ń mọ̀ ọ́n sí jù, níbi tí irin ti gba inú ara wọn kọjá ní ìrísí X, X, X, láti ìkángun dé ìkángun. Irin tí wọ́n tò kí ilé lè lágbára ni, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti òdì kejì pápá, ọ̀ṣọ́ ni. Ní Florence, onímọ̀-ẹ̀rọ Pier Luigi Nervi fi kọnkéré kọ́ pápá kan tó parí ní 1932, tí òrùlé ibi ìjókòó pàtàkì rẹ̀ nà síta bí apá ẹni tó ń ṣíji bo ojú láìsí òpó tó gbé e níwájú, tí àtẹ̀gùn ìta rẹ̀ sì ń lọ́ yípo lọ sókè. Àwọn tó ń kọ́ ère gbígbẹ́ máa ń rí níbẹ̀ pé kọnkéré, tí wọ́n ti rò pé ó wúwo tó sì yadi, lè fò.

Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di bátànì, àwọn aláró Ìbàdàn sì ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ funfun kí aró má bàa mú ibi tí ẹ̀kọ bá wà, bátànì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, ọ̀kan nínú ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí ṣíbí wà láàárín wọn. Àwọn obìnrin tó ya àwọn òpó náà kò ya gbọ̀ngàn, wọn kò ya òkè tó wà lórí rẹ̀, wọn kò sì ya òrùlé. Òpó ni wọ́n mú, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Irú ojú yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ojú ọnà, ojú tó ń rí ọnà nínú ohun tí ẹlòmíràn ń rí gẹ́gẹ́ bí nǹkan ìlò. Ẹni tó bá ní in, tó sì dúró níwájú irin X ti Leitch, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí yóò ṣe fún un.

Ní Johannesburg, ọ̀nà náà gba òdì kejì wá, nítorí pé iṣẹ́ ọnà ilé ló di pápá. Soccer City, tí wọ́n tún kọ́ fún ìdíje Ife Àgbáyé 2010, ni àwọn ayàwòrán-ilé ṣe ní ìrísí igbá, wọ́n sì fi pátákó pẹlẹbẹ tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi ilẹ̀ bò ó yíká, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n to iná sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè jọ pé iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Fínfín igbá kì í ṣe àjèjì sí Ọ̀yọ́, àmọ́ igbá tó lè gba ènìyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin kò wọ́pọ̀.

Èkó náà ní tirẹ̀. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tó wà ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní 1973, ni Nàìjíríà ti na Algeria ní àmì ayò 3 sí òdo ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980 láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Segun Odegbami jẹ góòlù méjì, Muda Lawal sì jẹ ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún 2004, ọdún púpọ̀ kọjá tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, tí ìpata ń jẹ irin rẹ̀, tí koríko sì ń hù níbi tí kò yẹ kó hù. Ìbànújẹ́ ni èyí fún eléré ìdárayá, ṣùgbọ́n ayàwòrán kì í sá fún irú ibẹ̀. Àga tó ti fọ́ láàárín àga mọ́kànlá tó ṣì wà, ojú máa ń lọ síbẹ̀ ṣáájú àwọn tó kù. Ògiri tí òjò ti fi ìlà dúdú kọ láti òkè dé ilẹ̀ ní ọ̀nà tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè fara wé tán. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba College of Technology, tó ti wà láti 1947 tí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì lórúkọ, kò jìnnà síbẹ̀, pápá Teslim Balogun sì wà ní òdìkejì títì, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ya pápá tó ti dákẹ́ àti èyí tó ṣì ń pariwo láàárín ọ̀sán kan. Níbi tí ariwo bá wà, ìlù àti fèrè àwọn alátìlẹyìn kì í sinmi, ọwọ́ tó mú pẹ́ńsùlù á sì máa bá ìlù náà lọ, yálà ẹni tó ni ín fẹ́ tàbí kò fẹ́; a máa ń rí i lórí ìwé lẹ́yìn náà pé ìlà náà nípọn níbi tí ìlù ti wúwo.

Iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá padà délé ló le jù, nítorí pé ìwé tó kún fún ìlà kò tíì di àwòrán. Ìgbésẹ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá bá a mu gan-an: ọ̀nà lílé, tí wọ́n fi àáké la igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀, àlétúnlé, tí wọ́n pín àwọn yẹn sí etí, ọwọ́ àti orúnkún, dídán, tí wọ́n ti ń mú ojú igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí ilà ojú àti irun orí ń wọlé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ fi fínfín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ya àmì ẹ̀yẹ àyà jẹ́sì kí wọ́n tó mọ ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ dúró sí, ìdí sì nìyẹn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi máa ń jọ ìpolówó ọjà. Nínú ọ̀nà lílé, ohun méjì tàbí mẹ́ta péré ló yẹ kó wà lórí kànfáàsì: ibi tó ṣókùnkùn, ibi tó mọ́, àti ibi tí ojú yóò gbà wọlé. Àwọn ìlà ojú ẹsẹ̀ tó ti wà nínú ìwé ni yóò wá di àlétúnlé, mẹ́ta tó dára nínú ogún, tí a tún yà ní títóbi láìwo fọ́tò.

Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò lo ọ̀dà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2005, àwọn oníṣẹ́ ọnà Douglas Gordon àti Philippe Parreno to kámẹ́rà 17 yí pápá Santiago Bernabéu ká ní Madrid, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn máa tẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù Zinédine Zidane nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi lé e jáde pẹ̀lú káàdì pupa. Nínú fíìmù tó ti ibẹ̀ jáde ní 2006, bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọkùnrin kan tó ń rìn, tó ń tutọ́, tó ń wo ọ̀run ni ó kún ojú rẹ̀.

Irú iṣẹ́ báyìí lè lówó lórí gan-an. Àwòrán de Staël tó tóbi jù yẹn ni wọ́n tà ní Paris ní 2019 ní mílíọ̀nù ogún owó Yúrò. Going to the Match ti Lowry ní ìtàn tó yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rà á ní 1999, ní mílíọ̀nù 1.9 owó Pọ́n-ùn, ní ọdún kan náà tí wọ́n wó Burnden Park lulẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bọ́ọ̀lù gbígbá ló kó owó tó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwòrán tí kò sí agbábọ́ọ̀lù kan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde fún títà ní 2022, ilé iṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ The Lowry ní Salford san mílíọ̀nù 7.8 kó má bàa kúrò ní ibi tí ará ìlú ti lè rí i. Ibẹ̀ ni àwọn òǹwòran ti ń dúró báyìí níwájú ogunlọ́gọ̀ òǹwòran tó kọ ẹ̀yìn sí wọn, tí gbogbo wọn ń wo ẹnu ọ̀nà kan náà.